Ta ló jogún àṣẹ ta? Ìfiwéra sọ́fítíwíà fún oníṣòwò Ìkòròdú tó fẹ́ pín iṣẹ́ láìpín àṣírí

Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yín bá ti ju ẹni mẹ́ta lọ, ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta sọ́fítíwíà ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Èyí tó wà níwájú ni pé ta ló lè rí kí ni, ta ló sì lè yí kí ni padà? Káṣíà gbọ́dọ̀ lè ta àpò sìmẹ́ńtì, àmọ́ kí ló kàn án nínú iye tí ọ̀gá rà á? Sítọ́ọ̀kípà gbọ́dọ̀ lè kọ ọjà tó wọlé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó lè pa àkọsílẹ̀ àná rẹ́. Mánijà gbọ́dọ̀ rí ẹ̀ka tirẹ̀, kò sì pọn dandan kó rí ti ẹlòmíì.

Kò sẹ́ni tó ráyè máa fi àmì sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà fi ń so àṣẹ mọ́ ipò. Ẹ dá ipò káṣíà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í fún gbogbo àwọn káṣíà, ó parí. David Ferraiolo àti Richard Kuhn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní NIST, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, gbé ètò yìí kalẹ̀ nínú ìwé ìwádìí kan ní 1992. Nígbà tó di 2004, ó ti di ìlànà tí wọ́n ń pè ní ANSI INCITS 359. Ọ̀rọ̀ ogún wà nínú ìlànà yẹn: ipò ńlá lè jogún gbogbo àṣẹ ipò kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un kọ.

Ogún yìí ń dín iṣẹ́ kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jogún ilé ẹbí rí mọ̀ pé yàrá nìkan kọ́ ló ń tẹ̀ lé ogún. Gbèsè àti ayálégbé tí kò sanwó náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà kò sì gba ọ̀nà kan náà lórí rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ kí àṣẹ máa gòkè, àwọn kan jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan kò jẹ́ kó lọ síbì kankan. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó rà ni yóò máa bínú sí òṣìṣẹ́ lórí ohun tí sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ fún un.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ká má baà máa sọ̀rọ̀ lásán, ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé kan ṣe àpẹẹrẹ. Olú ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Sábó, ẹ̀ka kejì wà ní Ìgbógbó, ẹ̀kẹta wà ní Ìmọ̀ta. Ọ̀gá kan ló ni ín. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní mánijà, káṣíà àti sítọ́ọ̀kípà. Akáúńtáńtì kan ṣoṣo ló ń ṣe ìwé gbogbo wọn. Ẹni mọ́kànlá ni gbogbo wọn jẹ́, irú èyí tó pọ̀ jù láàárín Ògólóntò sí Ìtàmágà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni ibi tí àṣẹ ń ṣàn sí. Ṣé láti ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ lọ bá ọ̀gá ni, àbí láti inú àpótí ńlá lọ bá èyí tó wà nínú rẹ̀? Ohun kejì ni bóyá ẹ lè dá a dúró ní ojú kan láìba ibòmíì jẹ́. Ohun kẹta, tó wúwo jù lójú tèmi, ni bóyá ẹ lè bi sọ́fítíwíà náà pé, “Kí ló dé tí ẹni yìí fi rí èyí?” kó sì dá yín lóhùn. Sọ́fítíwíà tí kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn yóò sọ yín di awòràwọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó: ṣé orí ènìyàn ni wọ́n ń kà ni, àbí ẹ̀rọ? Ṣé dọ́là ni, àbí náírà? Ìkẹyìn ni iná àti íntánẹ́ẹ̀tì. Iléeṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná ní Egbin, tí agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 1,320, wà ní Ìjẹ̀dẹ́ níbí, ṣùgbọ́n ará Ìkòròdú tó bá ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kò ní jẹ́ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń bèèrè bóyá sọ́fítíwíà lè ṣiṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù gan-an.

Odoo: ọ̀gá ló ń jogún ọmọ iṣẹ́

Ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni Odoo, sọ́fítíwíà tó ń ṣe ọjà títà, sítọ́ọ̀ àti ìwé owó pọ̀, ti wá. TinyERP ni wọ́n ń pè é ní 2005, ó di OpenERP, ó sì gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí ní 2014. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń to àṣẹ níbẹ̀. Nínú abala ọjà títà, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń rí ìwé tó wà lórúkọ rẹ̀ àti èyí tí kò sí lórúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà láàárín ń rí ìwé gbogbo ènìyàn. Ẹni tó wà lókè ń rí gbogbo rẹ̀, ó sì tún lè yí ètò padà. Ẹgbẹ́ òkè kọ̀ọ̀kan ti gbé ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mì sínú, nítorí náà tí ẹ bá ti mú àtẹ̀gùn kan fún òṣìṣẹ́, àwọn tó kù lábẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ lé e. Ohun tí ìlànà 2004 ṣàpèjúwe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ ó ṣètò ẹni mọ́kànlá yẹn tán kí oòrùn tó wọ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi yìí, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù.

Ogún tó ń gòkè gbà pé ohunkóhun tí ọmọ iṣẹ́ lè ṣe, ó yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ náà lè ṣe é. Nínú ọjà títà, kò burú. Nínú ọ̀rọ̀ owó tó ń jáde, ó burú gan-an. Ẹ wo mánijà Ìmọ̀ta. Ó jogún àṣẹ sítọ́ọ̀kípà, ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé irin ẹgbẹ̀ta ti dé. Ó jogún àṣẹ ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn tó ń kó ọjà wá, ó lè fi orúkọ tuntun àti nọ́ńbà báńkì tuntun sí i. Nítorí pé mánijà ni, ó tún ní àṣẹ àtifọwọ́ sí owó sísan. Ẹ̀yin náà ti rí i: òun nìkan lè bí oníṣòwò tí kò sí láyé, kó gba irin tí kò dé, kó sì sanwó fún un. Kò jí páásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Sọ́fítíwíà ló dì í fún un ní ẹ̀rù kan.

Àwọn tó kọ ìlànà yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi abala kan sí i tó ní kí àwọn iṣẹ́ kan má ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan náà. Nínú Odoo, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín ṣe ìyẹn. Ẹ dá ẹgbẹ́ ìfọwọ́sí owó sílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó jogún ẹgbẹ́ ìkọ̀wé kankan. Ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa fọwọ́ sí i, kódà bó jẹ́ ọmọ ìyá ọ̀gá.

Ìṣòro kejì ni pé àṣẹ Odoo máa ń pọ̀ sí i ni, kì í dín kù. Òfin tó ń sọ ìwé tí ènìyàn lè rí, tí wọ́n ń pè ní record rule, pín sí méjì. Èyí tí ẹ bá so mọ́ ẹgbẹ́ kan, tó bá pàdé ti ẹgbẹ́ mìíràn lára ẹnì kan náà, èyí tó fẹ̀ jù ló ń borí. Èyí tí ẹ kò so mọ́ ẹgbẹ́ kankan, gbogbo ènìyàn ló mú, kò sì sẹ́ni tó lè fò ó kọjá. Nítorí náà, tí ẹ bá ṣe òfin fún ẹgbẹ́ Ìgbógbó pé kí wọ́n rí ti Ìgbógbó nìkan, tí ẹ wá fi mánijà ibẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kejì tí òfin tirẹ̀ ní kó rí gbogbo nǹkan, gbogbo nǹkan ló máa rí. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tó rò pé òfin kejì yóò dín ti àkọ́kọ́ kù. Tí ẹ̀ka bá ṣe pàtàkì sí yín, òfin tí kò lẹ́gbẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ.

Ó tún ku ọ̀kan tó máa ń yọ́ wọlé. Àwọn àmì kan wà lójú ìwé Settings tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi wọ́n lé, ńṣe ni Odoo máa so ẹgbẹ́ kan mọ́ ẹgbẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ inú ilé. Gbogbo wọn yóò jogún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́.

Ṣé ó lè dáhùn “kí ló dé”? Ó lè dáhùn díẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tan developer mode, ìyẹn ojú ìwé àwọn oníkọ̀ǹpútà, kí ẹ tó lè rí ẹgbẹ́ tó jogún ẹgbẹ́. Ọ̀gá tí kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà kò ní dá a ṣe. Ní ti owó, ẹ̀dà Community jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì lè wà lórí kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù. Enterprise ni wọ́n ń gba owó orí ènìyàn fún. Ẹ ṣọ́ra: ìṣirò owó tó pé pérépéré, inú Enterprise ló wà, Community ń ṣe ínfọ́ọ̀sì, kò ṣe gbogbo ìwé akáúńtáńtì.

ERPNext: ipò kì í jogún ipò

Iléeṣẹ́ Frappe tó wà ní Mumbai ní Íńdíà ló ni ERPNext, irú sọ́fítíwíà kan náà bí Odoo. Ẹni tó bá ti ibi Odoo dé ibẹ̀ máa kọ́kọ́ rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan. Kò sí àtẹ̀gùn. Accounts Manager kò gbé Accounts User mì sínú. Kálukú ló ní ìlà àṣẹ tirẹ̀. Tí ẹ bá fún akáúńtáńtì ní ti ọ̀gá nìkan, ó lè wá bá yín lọ́jọ́ kejì pé ibì kan kò ṣí fún òun. Ẹ máa fún un ní méjèèjì.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i, àmọ́ òun ni mo fẹ́ràn jù fún irú ṣọ́ọ̀bù wa yìí. Ohun tí ẹ bá rí lójú ìwé òṣìṣẹ́ náà ni gbogbo ohun tó ní. Kò sí bàbá àgbà kankan tó ń fún un ní nǹkan lẹ́yìn yín. Kí ọwọ́ má baà ro yín, Role Profile wà: ẹ di àwọn ipò tí káṣíà nílò pọ̀, ẹ sọ wọ́n ní orúkọ kan, ẹ fi í fún káṣíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí i padà, ti gbogbo wọn yóò yí.

Ibi tí ogún ti wọ ERPNext ni ọ̀rọ̀ ibùdó. Igi ni wọ́n fi ń to sítọ́ọ̀. Ìgbógbó lè jẹ́ ẹ̀ka igi, kí àgọ́ sìmẹ́ńtì àti àgbàlá irin wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá lo User Permission láti so mánijà mọ́ Ìgbógbó, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e, títí kan sítọ́ọ̀ tuntun tí ẹ bá kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí tìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, àmì kan wà fún un tí wọ́n ń pè ní Hide Descendants. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe pín in: ohun tí ènìyàn lè ṣe ń ti ipò wá, ibi tó ti lè ṣe é ń ti igi wá. Tí nǹkan kan bá ṣìṣe, ẹ ti mọ ibi méjì péré tí ẹ máa wò.

Ìbéèrè káṣíà tó wà lókè, nípa iye tí ọ̀gá ra sìmẹ́ńtì, ERPNext dáhùn rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìpele àṣẹ láti 0 dé 9. Ẹ gbé iye tí a rà á sí ìpele 1, ẹ fún akáúńtáńtì àti ọ̀gá ní ìpele 1, káṣíà sì wà ní 0. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń ṣí, kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n ń rí.

Ibi tó ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀ rèé. Tí ẹnì kan bá kọ ínfọ́ọ̀sì tí kò kọ ẹ̀ka sí i, ERPNext gbà pé ìwé náà kò ní ẹ̀ka, ó sì jẹ́ kí mánijà Ìgbógbó àti ti Ìmọ̀ta jọ rí i. Ẹ̀ka tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ kò dá a dúró. Ẹ lọ sí System Settings, ẹ fi àmì lé Apply Strict User Permissions. Láti ìgbà yẹn, ìwé tí kò ní ẹ̀ka yóò fara pa mọ́ fún ẹni tí ẹ dè. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọlé bíi káṣíà, kí ẹ ta ọjà kan dópin, nítorí òfin tó le yìí lè gbé ohun tí káṣíà nílò lọ pẹ̀lú.

Ó ní ojú ìwé ìròyìn kan, Permitted Documents For User, tí ẹ lè kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí kó sì to ohun tó lè rí jáde. Ó dára ju ká tan developer mode lọ.

Kò gba owó orí ènìyàn. Ìwé àṣẹ GPL, tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni mọ́kànlá tàbí mọ́kànlélọ́gọ́rin, owó sáfà àti owó iṣẹ́ ẹni tó bá yín ṣe é ni ẹ máa san. Frappe Cloud wà fún ẹni tí kò fẹ́ tọ́jú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ nínú ṣọ́ọ̀bù lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú ínfátà, kí Sábó máa ta ọjà nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ẹni tó mọ Linux ló máa tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe ọmọ àbúrò yín tó mọ fóònù tún ṣe.

Salesforce: ọ̀gá ń rí ohun tí ọmọ iṣẹ́ ní

Sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ oníbàárà ni èyí. Kò bá ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì mu rárá, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ó ní ìlànà kan tí ó yẹ kí àwọn tó ń ta ilẹ̀ mọ̀, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó láti Àgíríkì títí dé Ìmọ̀ta.

Ìtò ipò Salesforce kò fún ènìyàn ní àṣẹ àtiṣe nǹkan. Ohun tó ń fún ọ̀gá ni ojú: ìwé oníbàárà tí ọmọ iṣẹ́ ní, ọ̀gá rẹ̀ yóò rí i, ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀ náà yóò rí i, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta ilẹ̀ kò ní rí i tí ẹ bá ti fi ìpìlẹ̀ sí Private. Ohun tí kálukú lè ṣe sí ìwé náà wà lọ́tọ̀, nínú profile àti permission set, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí ẹ ń fún òṣìṣẹ́. Fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ilẹ̀, tí kálukú ń fi oníbàárà rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnì kejì, ó bá wọn lára mu. Ó tún ní ohun tí Odoo kò ní: nínú permission set group, ẹ lè pa àṣẹ kan lẹ́nu mọ́, kí ẹgbẹ́ náà jogún gbogbo nǹkan yòókù, kó má jogún ìyẹn. Bọ́tìnì Sharing Hierarchy sì máa sọ fún yín ẹni tó rí ìwé kan àti ìdí tó fi rí i.

Fún àwọn ìwé tó bá Salesforce wá, bíi oníbàárà àti àdéhùn, ẹ kò lè ní kí ọ̀gá má rí ti ọmọ iṣẹ́. Ìwé tí ẹ bá dá sílẹ̀ fúnra yín nìkan ni ẹ lè yọ àmì Grant Access Using Hierarchies kúrò lára rẹ̀. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, lóṣooṣù, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹni tí náírà rẹ̀ kò bá pọ̀, kó máa wò ó lókèèrè.

Fódà: Google Drive, SharePoint, Windows

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àdáni àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Ìkòròdú kò nílò èyíkéyìí nínú mẹ́ta òkè yìí. Fáìlì ni wọ́n ní: orúkọ ọmọ ilé ìwé, káàdì aláìsàn, ìwé owó oṣù. Inú fódà ni àṣẹ wọn wà, ìsàlẹ̀ ló sì ń ṣàn sí. Ẹni tó lè ṣí fódà ńlá lè ṣí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ohun tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sínú rẹ̀ lọ́la.

Ewu rẹ̀ kò jọ ti Odoo. Níbí, kò sẹ́ni tó yí àṣẹ kankan padà kí àṣírí tó tú. Bọ́sà kàn gbé ìwé owó oṣù sínú fódà tí gbogbo tíṣà ń lò, ìwé náà jogún gbogbo tíṣà lójú ẹsẹ̀.

Nínú shared drive ti Google, ibi ìtọ́jú fáìlì tí ẹgbẹ́ jọ ni, ẹ lè fi kún àṣẹ ẹnì kan lórí fáìlì kan, ṣùgbọ́n ẹ kò lè dín in kù sí ìsàlẹ̀ ohun tó ti ní lókè, àyàfi tí ẹ bá sọ fódà náà di èyí tí wọ́n ń pè ní limited access. Ìmọ̀ràn mi rọrùn: ẹ má ṣe fi fódà owó oṣù sínú fódà gbogbogbòò kí ẹ tó wá máa wá bí ẹ ó ṣe tì í. Ẹ dá drive tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

SharePoint, ibi ìtọ́jú fáìlì ti Microsoft, máa jẹ́ kí ẹ gé ogún níbikíbi, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Nígbà tí ẹ bá tẹ Stop Inheriting Permissions, ó máa da gbogbo àṣẹ òkè kọ síbẹ̀ bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn náà òkè àti ìsàlẹ̀ kò mọ ara wọn mọ́. Nọ́ọ̀sì tuntun tí ẹ bá fi kún òkè kò ní dé ibẹ̀. Èyí tó dunni jù ni pé ẹni tí ẹ yọ kúrò lókè lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣì lè wà nínú fódà tí ẹ gé. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fojú sí èyí, nítorí òfin ààbò détà ti 2023, Nigeria Data Protection Act, kò ní í gbọ́ àwáwí pé fódà ló jogún rẹ̀. Microsoft fúnra wọn fi ààlà 50,000 sí iye ibi tí ènìyàn lè gé nínú àkójọ kan, wọ́n sì ní kó má ju 5,000 lọ. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkòròdú tó máa débẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti gé ju ibi mẹ́wàá lọ, ìtò fódà yín ni kẹ́ ẹ tún ṣe.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà Windows kan láàárín ọ́fíìsì ni ẹ fi ń pín fáìlì, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ fún yín kì í sábà mọ̀. Wọ́n gbà pé tí a bá ti kọ Deny, ìyẹn ìdènà, kò sí ohun tó lè borí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Windows ń wo Deny tí a kọ tààrà, lẹ́yìn rẹ̀ Allow (ìyọ̀ǹda) tí a kọ tààrà, lẹ́yìn rẹ̀ Deny tí a jogún, Allow tí a jogún ló gbẹ̀yìn. Nítorí náà, Allow tí ẹnì kan kọ sára fáìlì fúnra rẹ̀ yóò borí Deny tó ti fódà òkè wá. Àmọ́ ó ní ìdáhùn “kí ló dé” tó mọ́ jù nínú gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀: ẹ ṣí Advanced nínú abala Security, òpó kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ibi tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan ti jogún wá, Effective Access sì máa sọ ohun tí ẹnì kan lè ṣe gan-an.

Méjì mìíràn, ní ṣókí

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá, irú èyí tó wà ní Odógunyàn, lè máa gbọ́ orúkọ SAP, sọ́fítíwíà tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń ṣètò iṣẹ́. Ogún tirẹ̀ dára: ẹ kọ ipò àgbà kan tó to gbogbo iṣẹ́ mánijà sílẹ̀, àwọn ipò tó bá ti ara rẹ̀ jáde yóò jogún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí kálukú wà ni ẹ máa kọ sí i lọ́tọ̀. Ìnáwó rẹ̀ kò bá ẹni mọ́kànlá mu.

Tí ẹ bá sì ní ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà tiyín lórí PostgreSQL, ìyẹn àká détà kan, ẹ bi í bóyá ó ń lo INHERIT tàbí NOINHERIT. Pẹ̀lú INHERIT, ipò tó wà nínú ipò mìíràn ń lo àṣẹ rẹ̀ láìsọ nǹkan. Pẹ̀lú NOINHERIT, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi SET ROLE wọ aṣọ ipò náà. Láti ẹ̀dà 16 tó jáde ní 2023, ẹ lè yan ọ̀kan fún àjọṣe ipò kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ ti mọ ohun kan nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ta ni kó mú èwo

Ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀ka, tó ń ta ọjà, tí kò fẹ́ san owó orí ènìyàn: ERPNext, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ bá ti rí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀. Igi sítọ́ọ̀ àti ìpele 0 sí 9 yẹn tó ìdí.

Ojú kan ṣoṣo lẹ wà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí gbogbo owó, ẹ sì fẹ́ nǹkan tó tètè yé òṣìṣẹ́: ẹ mú Odoo. Ogún tó ń gòkè kò lè ṣe ẹni tí kò ní mánijà ní ìpalára. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba mánijà, ẹ padà wá ka ohun tí mo kọ nípa irin ẹgbẹ̀ta.

Àwọn tó ń ta ilẹ̀, tí ẹgbẹ́ wọn pọ̀, tí dọ́là kò sì jẹ́ wàhálà fún wọn, ni Salesforce yẹ. Ẹgbẹ́ kékeré tó ń ta ilẹ̀ lè fi abala ọjà títà Odoo ṣe é, kí wọ́n fi gbogbo ọmọ iṣẹ́ sí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ tí kì í rí ti ẹlòmíì.

Ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn kékeré, kọpuréétìfù: fódà ló tó wọn. Google Drive ni mo máa kọ́kọ́ mú, nítorí ó ṣòro láti ba ìtò rẹ̀ jẹ́. SharePoint dára fún ẹni tó ti ń san owó Microsoft tẹ́lẹ̀, tó sì ní ẹnì kan tó máa kọ ibi tí wọ́n ti gé ogún sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín jókòó tì yín, kó dá káṣíà kan àti mánijà kan sílẹ̀ fún Ìgbógbó. Kó wọlé bíi káṣíà, kó gbìyànjú láti rí iye tí a ra sìmẹ́ńtì. Kó wọlé bíi mánijà, kó wá ínfọ́ọ̀sì Ìmọ̀ta àti èyí tí kò ní ẹ̀ka, kó sì gbìyànjú láti kọ ẹni tuntun tó ń kó ọjà wá, kó tún fọwọ́ sí owó rẹ̀. Kó wá pa orúkọ mánijà náà tì bíi pé ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó sì fi ohun tó ṣì ní hàn yín. Gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí kan lọ. Tó bá ní òun máa fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kó máa lọ.